Ṣé O Mọ̀? Ìró Tó Sọnù Lẹ́nu Ọ̀yọ́, Ọ̀wọ̀ Ló Wà

Ṣé o mọ̀ pé ìlú tí gbogbo wa ń pè ní Ọ̀wọ̀, Ọ̀ghọ̀ ni àwọn ọmọ ibẹ̀ ń pè é? Ọlọ́wọ̀ tiwa, Ọlọ́ghọ̀ tiwọn. Ìró tí wọ́n fi gh kọ yẹn kì í ṣe g, kì í sì í ṣe w. Ẹ̀yìn ahọ́n á sún mọ́ òkè ẹnu láìpa ọ̀nà dé tán, èémí á sì máa ha gba àlàfo tó kù kọjá. Ọmọ Ọ̀yọ́ kì í pè é. Ọmọ Ìbàdàn kì í pè é. Ẹni tó ń ka ìròyìn ní Yorùbá lórí rédíò kò ní in lẹ́nu. Bẹ́ẹ̀, gbogbo wa la ní in rí.

Ṣé o mọ̀ pé Ọ̀wọ̀ nìkan kọ́? Ọwọ́ tí o fi ń jẹun, ọghọ́ ni lẹ́nu ará Oǹdó. Owó inú àpò rẹ, eghó ni. Tún rìn síwájú díẹ̀ sí i: Ẹ̀dó ń pe owó ní igho, Ùròbò náà ní igho, Ìgbò ní ego. Ṣùgbọ́n rọra o. Owó ẹyọ a máa rìn láti ọjà dé ọjà, orúkọ rẹ̀ sì lè bá a rìn, nítorí náà n kò ní fi owó nìkan ṣe ẹ̀rí ẹbí. Ọwọ́ ló dá mi lójú jù. Ta ló ń yá orúkọ ọwọ́ lọ́dọ̀ aládùúgbò?

Ṣé o mọ ohun tó gbé gh lọ? W ló gbé e mì. Ní 1967, Abiodun Adetugbo parí ìwádìí oyè ọ̀mọ̀wé ní Yunifásítì Columbia ní New York lórí àwọn ẹ̀ka-èdè Yorùbá. Ó pín wọn sí agbo ńlá mẹ́ta: Àríwá-Ìwọ̀-Oòrùn, níbi tí Ọ̀yọ́, Ìbàdàn, Ẹ̀gbá àti Èkó wà, Gúúsù-Ìlà-Oòrùn, ti Oǹdó, Ọ̀wọ̀, Ìlàjẹ àti Ìjẹ̀bú, àti Àárín, ti Ifẹ̀, Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì. Ní agbo àkọ́kọ́, gh àti ìró mìíràn tó jẹ́ gw di w, kò sì sẹ́ni tó lè fi etí yà wọ́n sọ́tọ̀ mọ́. Èdè tí wọ́n fi kọ́ wa ní ilé-ìwé, inú agbo yìí ló ti wá.

Ṣé o mọ̀ pé o lè gbọ́ agbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta láàárín Omole sí Agége ní Èkó kí ilẹ̀ tó ṣú? Àwórì ló ni ilẹ̀. Ìṣẹrí, níbi tí ìtàn wọn ti sọ pé àwo Ògúnfúnminíre, baba ńlá wọn, rì sínú odò Ògùn, kò jìnnà sí Omole Phase 2 rárá. Ọkọ̀ ojú irin ti ń gba Agége kọjá láti ìgbà tí ojú irin Èkó ti dé Ìbàdàn ní 1901, àwọn olóko ibẹ̀ sì dá ẹgbẹ́ Agege Planters' Union sílẹ̀ ní 1907. Títí wọ́n fi dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún 1967, abẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn kan náà ni Ìkẹjà, Èkìtì àti Oǹdó wà. Nígbà tí ilé-iṣẹ́ ń pọ̀ sí i ní Ìkẹjà, ọmọ Èkìtì àti ọmọ Oǹdó wá iṣẹ́ wá, tàwọn tẹnu wọn. Èkó fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ará oko ni wọ́n. Àwọn tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ yẹn gan-an ni ìró ẹnu wọn dàgbà jù nínú ẹbí.

Ṣé o mọ̀ pé irú ìró tó sọnù báyìí ti sọ ọ̀dọ́mọkùnrin kan di aríran? Ferdinand de Saussure, ọmọ Geneva, jẹ́ ẹni ọdún 21 nígbà tí ìwé rẹ̀ jáde ní ìparí 1878. Fáwẹ̀lì ayé àtijọ́ nínú ìdílé èdè tí Gẹ̀ẹ́sì, Jámánì, Látìn, Gíríìkì àti Híńdì ti wá ló ń yẹ̀ wò. Ó rí i pé ìṣirò náà kò pé. Ó ní ó ní láti jẹ́ pé àwọn ìró kan wà níbẹ̀ rí, tí kò kù nínú èdè kankan tí ẹnikẹ́ni mọ̀. Kò rí èyí gbọ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni, kò rí i kà níbì kankan. Òfin ìró nìkan ló gbé e débẹ̀. Ọ̀pọ̀ àgbà onímọ̀ kò kà á sí, ó sì kú ní 1913.

Ṣé o mọ àwọn ará Hítì? Ẹ́fúrónì tó ta ihò Mákípẹ́là fún Ábúráhámù, Ùráyà ọkọ Bátíṣébà: ará Hítì ni Bíbélì pe àwọn méjèèjì. (Bóyá àwọn yẹn náà ni mò ń sọ yìí, tàbí orúkọ ló jọra, àwọn onímọ̀ kò tíì fẹnu kò lórí rẹ̀.) Ilẹ̀ Tọ́kì òde òní ni ìjọba ńlá wọn wà. Hattusa ni olú-ìlú wọn, ó sì di ahoro ní nǹkan bí 1200 ọdún ṣáájú Kristi. Ní 1906, Hugo Winckler àti Theodor Makridi bẹ̀rẹ̀ sí í wú wàláà amọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún jáde nínú ilẹ̀ ibẹ̀. Wọ́n lè ka àmì tó wà lára rẹ̀, torí àmì Bábílónì ni, ṣùgbọ́n ẹni tó ń kà á kò mọ ohun tó ń kà.

Bedřich Hrozný, ará Czech, ló tú u ní 1915. Gbólóhùn kan ló là á lójú. Ó rí àmì búrẹ́dì tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ó wá rí ọ̀rọ̀ kan lẹ́yìn rẹ̀: watar. Ó bi ara rẹ̀ pé ṣé kì í ṣe water àwọn Òyìnbó nìyí? Òun náà ni. Gbólóhùn náà ń sọ fún àwọn kan pé wọn yóò jẹ búrẹ́dì, wọn yóò sì mu omi. Bí èdè tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ mọ́ láti nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún mẹ́ta ṣe di ìbátan Gẹ̀ẹ́sì lójú ọjọ́ kan nìyẹn.

Ṣé o mọ ohun tó tún wà lára àwọn wàláà náà? Ìró ọ̀fun kan tí wọ́n ń fi ḫ kọ. Paḫḫur ni iná. Gíríìkì ní pyr, Gẹ̀ẹ́sì ní fire. Ḫaštai ni eegun. Gíríìkì ní osteon. Ibi tí àwọn yòókù ti ṣófo, Hítì ní nǹkan níbẹ̀. Ní 1927, Jerzy Kuryłowicz, ará Poland, fi hàn pé ibi tí Saussure sọ pé ìró kan ti sọnù gan-an ni ḫ jókòó sí. Aríran náà ti lo ọdún 14 nínú ibojì. Amọ̀ ló jẹ́rìí fún un. Ẹlẹ́rìí tiwa kò tíì kú, ó ń wọ danfo lójoojúmọ́, kò sì sẹ́ni tó ń bi í ní ìbéèrè kankan àfi pé kó sọ̀rọ̀ dáadáa.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn kọ́ńdọ́ ń pe ìbátan ọ̀rọ̀ Hítì kan ní etí Omole? "Bẹ́gà! Bẹ́gà! Wọlé pẹ̀lú ṣéńjì ẹ o!" Ilé-iṣẹ́ Julius Berger ni ibùdókọ̀ Ojodu Berger ń jẹ́ orúkọ mọ́, ilé-iṣẹ́ tó wọ Nàìjíríà ní 1965 láti kọ́ afárá Eko Bridge. Julius Berger fúnra rẹ̀ jẹ́ Júù ará Jámánì tí wọ́n bí ní 1862. Àgọ́ Theresienstadt tí àwọn Násì kó àwọn Júù sí ló kú sí ní 1943. Inú Berg ni orúkọ rẹ̀ ti jáde, òkè ní èdè Jámánì. Hítì ń pe ohun tó bá ga ní parku. B lọ́hùn-ún, p níbí, ìró kan náà ni wọ́n ti ṣẹ̀, bh kan tí àwọn méjèèjì ti jù nù. Àwa náà kò dákẹ́: Berger dé etí wa láti ẹnu Gẹ̀ẹ́sì, a kó r méjèèjì dànù, a fi ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀ dá a lọ́lá.

Ṣé o mọ̀ pé ọmọ Ígálà lè fi ení, èjì ka ìtàn Yorùbá fún ọ? Ọkọ̀ òkè ọya a máa já èrò sí Bẹ́gà, bi ọ̀kan nínú wọn léèrè. Èjì, ẹ̀ta, ẹ̀fà, ẹ̀jọ yóò dún létí rẹ bíi tilé. Ìgbà tó bá dé ẹ̀rin, ẹlẹ ni yóò sọ. Àrún, ẹlu. R wa, l wọn, ẹ̀ẹ̀mejì léraléra. Èje, ebie. Ẹ̀wá, ẹgwa. Dúró sórí ẹgwa yẹn ná. Gw tí mo ní ó ti di w lẹ́nu Ọ̀yọ́ nìyẹn, tó jókòó sínú ẹ̀wá àwọn ará Idah nílẹ̀ Ígálà láìsí ẹni tó yọ ọ́ lẹ́nu.

Ebie ńkọ́? Àwa ní èje, wọ́n ní ebie. Àwa ní ajá, wọ́n ní abia. Bi wọn, j wa. Ta ni nínú wa ló yí padà? Ìbátan tó jìnnà ló lè dá ẹjọ́ yìí, torí kò sí nínú ìjà náà. Swahili ń pe ajá ní mbwa, àwọn onímọ̀ èdè Bantu sì gbà pé búà ni gbòǹgbò rẹ̀. B ló wà níbẹ̀ látilẹ̀wá. Àwa la yí i: ètè fi iṣẹ́ sílẹ̀, ahọ́n gbà á. Èjì àti ẹ̀jọ, tí j wọn kò yẹ̀ ní Ígálà, sì fi hàn pé j tiwa kò ti ojú kan ṣoṣo ṣàn wá.

Iṣẹ́ irú èyí ni Olúfẹ́mi Akínkùgbé ṣe délẹ̀ ní Yunifásítì Ìbàdàn ní 1978, nígbà tó fi àwọn ẹ̀ka-èdè Yorùbá wé Ìṣẹkírì àti Ígálà, ìró dé ìró. Ṣáájú ìgbà náà, Robert Armstrong ti ṣírò pé ó tó nǹkan bí 2000 ọdún tí Yorùbá àti Ígálà ti pínyà. Èmi kì í gbójú lé irú aago yẹn, torí ọ̀rọ̀ kì í gbó ní ìwọ̀n kan náà ní gbogbo ilé. Mo gbà pé ó pẹ́ gan-an. Ó tó.

Ṣé o mọ ìdí tí ìtàn pé Ẹ́gíbítì la ti wá kò fi dúró lọ́wọ́ onímọ̀ ẹ̀dá-èdè? Ní 1948, J. Olumide Lucas tẹ The Religion of the Yorubas jáde, ó to ọ̀rọ̀ Yorùbá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ Ẹ́gíbítì àtijọ́ bẹ́ẹ̀rẹ̀bẹ́ẹ̀rẹ̀. Wọ́n jọra lóòótọ́, àwọn mìíràn tiẹ̀ jọra jù. Ṣùgbọ́n ìró ibẹ̀ kò ní òfin: ohun tó dúró fún kọ́ńsónáǹtì kan lókè ojú ewé, òmíràn ló dúró fún un nísàlẹ̀. Ajá àti abia kò jọra tó bẹ́ẹ̀. Ìyàtọ̀ wọn ló ń tún ara rẹ̀ ṣe, ìyẹn ni ẹ̀rí ẹbí. Ìjọra a máa ṣèèṣì.

Ṣé o mọ̀ pé Yorùbá àjùmọ̀lò kì í fi u bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀? Ilé, ìlú, iṣu: i ló gba iwájú gbogbo wọn. Lọ sí Èkìtì tàbí Iléṣà, wàá gbọ́ ulé àti ùlú. Oǹdó ní ulí, Ígálà ní unyi. Ifẹ̀ gan-an, Ufẹ̀ làwọn àgbà ibẹ̀ ń pè é, Ẹ̀dó sì ń pè é ní Uhẹ. Nígbà tí Oǹdó, Ígálà àti Ìjẹ̀ṣà tí wọn kò jọ ṣèpàdé bá dìbò fún u, i tiwa ni àlejò. Ọmọ tó bá dé Omole láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tó ní òun ń lọ s'úlé, kì í ṣe pé kò gbọ́ Yorùbá. Ti àwọn baba ńlá rẹ ló ń sọ.

Ṣé o mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí àwọn Potogí ti gbọ́ gh wa ní 500 ọdún sẹ́yìn? Duarte Pacheco Pereira kọ ọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹrìndínlógún pé ọba ńlá kan wà lókè ọ̀dọ̀ Bìní tí wọ́n ń pè ní Hooguanee. João de Barros pè é ní Ogané lẹ́yìn náà, ó ní ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọba Bìní tuntun ti ń gba àmì oyè. Oghẹnẹ ni Ẹ̀dó ń pe Ọọ̀ni. Ọ̀pọ̀ òpìtàn so ó pọ̀ mọ́ Ifẹ̀. A.F.C. Ryder kò gbà; ní 1965, ó ní ká wojú sí ibi tí odò Ọya àti Bẹ́núé ti pàdé. Tó bá jẹ́ Ọọ̀ni ni, a jẹ́ pé kọ́ńsónáǹtì kan wà láàárín orúkọ yẹn nígbà náà tí kò sí níbẹ̀ lónìí àní bí w pàápàá. Fáwẹ̀lì méjì ló ṣẹ́kù, wọ́n fẹ̀yìn ti ara wọn.

Ṣé o mọ̀ pé Èkìtì ní fáwẹ̀lì jù ọ́ lọ? Méje àìránmúpè la kọ́ ní ilé-ìwé: a, e, ẹ, i, o, ọ, u. Agbo Àárín tọ́jú mẹ́sàn-án. I oríṣi méjì, u oríṣi méjì, tí ọ̀kan nínú wọn rọ̀ díẹ̀ sí ìkejì. Lẹ́nu Ọ̀yọ́, wọ́n ti papọ̀.

Ṣé o mọ̀ pé wọ́n ti gba ẹ̀ka-èdè Ọ̀tà, ìlú Àwórì tó múlé gbe Agége, sílẹ̀ lórí ìwé láti 1854? Freetown ni wọ́n ti ṣe é, kì í ṣe níbí. Sigismund Koelle, míṣọ́nnárì ará Jámánì, jókòó ti àwọn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, ó bi ọ̀kọ̀ọ̀kan léèrè bí wọ́n ti ń pe orí, ojú, iná, omi nílé wọn. Ìwé rẹ̀ Polyglotta Africana to Ọ̀tà, Ẹ̀gbá, Ìjẹ̀ṣà, Yàgbà, Ìjẹ̀bú, Ifẹ̀, Oǹdó àti Ìṣẹkírì sábẹ́ orúkọ kan, Aku, torí "ẹ kú" tó ń bẹ̀rẹ̀ ìkíni wa. Ó fi Ígálà sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Ènìyàn tí kò dé Idah rí ló ti rí ẹbí yìí ní ohun tó lé ní 170 ọdún sẹ́yìn.

Ṣé o mọ ẹni tó ti ilẹ̀kùn mọ́ gh? Kì í ṣe pẹ̀lú ìkà o. Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Ọ̀ṣogùn nílẹ̀ Ọ̀yọ́, tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843, ẹnu ilé rẹ̀ ló sì kọ. Àwọn míṣọ́nnárì ṣèpàdé l'Ékòó ní 1875 lórí àkọtọ́, wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ábídí kò ní àyè fún ohun tí Ọ̀yọ́ kò pè. Ibẹ̀ náà ni p ti di ti kp: kò sí p kékeré lásán lẹ́nu wa, nítorí náà wọ́n ní kí lẹ́tà ẹyọ kan máa ṣe iṣẹ́ náà. Ìdí nìyẹn tí pépà fi wúwo lẹ́nu wa ju bí Òyìnbó ṣe ń pè é lọ.

Ṣé o mọ̀ pé kọ́ńsónáǹtì ṣì ń jábọ́ lójú wa? Òrìṣà ti di òòṣà, orúkọ di oókọ, egúngún di eégún, òtítọ́ di òótọ́, dáradára di dáadáa. Yorùbá fúnra rẹ̀ ti di Yoòbá lẹ́nu àwọn tó ni ín.

Ṣé o mọ̀ pé oníbúrẹ́dì Agége, ẹlẹ́ja, alákàrà àti ọlọ́sàn, oní kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ́? Fáwẹ̀lì í tó tẹ̀lé n, imú ni wọ́n fi ń pè é. Tí fáwẹ̀lì mìíràn bá lé e lọ, imú kò níṣẹ́ mọ́, n á di l. Nílé, lówó, lọ́jà. Wọ́n á wá sọ fún àlejò pé Yorùbá kò lófin.

Ṣé o mọ̀ pé ṣ ti rin ìrìn-àjò ju tìrẹ lọ? Ní Brazil, orixá àti Xangô ni wọ́n kọ, torí x Potogí lè gbé e. Sípéènì tí wọ́n ń sọ ní Cuba kò ní in, wọ́n ní Changó. Ìbàdàn, tí òkun kankan kò gbé lọ, so ó pọ̀ mọ́ s, wọ́n sì ń bi ọ́ pé "sé o mọ̀?" Èmi ò rí ohun tó ń pa èèyàn lẹ́rìn-ín níbẹ̀.

Ṣé o mọ̀ pé àwọn kan ń sọ Ifẹ̀ ní Atakpamé ní Togo, àti pé Ugbodu àti Ukwu-Nzu ní Ìpínlẹ̀ Delta ń sọ Olùkùmi láàárín àwọn tó ń sọ Ìgbò? Lucumí ni wọ́n sì pe àwọn baba wa ní Cuba.

Ṣé o mọ̀ pé ìyípadà kì í ṣe ti Ọ̀yọ́ nìkan? Má rò pé Oǹdó tọ́jú gbogbo ẹrù. Ọ̀yọ́ ya "ẹ wá" sọ́tọ̀ kúrò lára "wọ́n wá". Gúúsù-Ìlà-Oòrùn ti da méjèèjì pọ̀: "àn án wá" lè jẹ́ ẹ̀yin, ó lè jẹ́ àwọn. Bí ìyá àgbà kan láti apá ibẹ̀ bá jókòó sí Omole, tó ń ròyìn fún àwọn ọmọ rẹ̀ pé àn án wá, wọ́n á kọ́kọ́ wo ibi tó ń nàka sí kí wọ́n tó mọ̀ bóyá àwọn gan-an ló ń wí ni, tàbí àwọn àlejò àná.